Ṣé lóòótọ́ ni pírńtà òde òní lè tẹ fọ́tò bíi ti ayé àtijọ́?

Tí ẹ bá gbé fọ́tò bàbá àgbà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ fọ́tò lónìí, tí ẹ ní kí wọ́n tún un tẹ̀ kó rí bíi ti àtijọ́, bọ́tìnì kan lọ̀pọ̀ wọn máa tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ á sì pọ́n bí omi tíì. Ó máa ń wu ojú o, àmọ́ fọ́tò àtijọ́ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi ṣe fọ́tò nígbà náà ló ń fún un ní àwọ̀. Ní 1850, Louis Désiré Blanquart-Evrard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ọ̀nà kan jáde: wọ́n á po iyọ̀ mọ́ funfun ẹyin, wọ́n á fi kun bébà, kí wọ́n tó fi omi èròjà fàdákà sí i. Ẹyin yìí ló ń jẹ́ kí fọ́tò náà dán, òun náà ló sì ń pọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Sípíà yàtọ̀ sí ìyẹn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń fi èròjà tó ní imí-ọjọ́ fọ fọ́tò ni, kí fàdákà inú rẹ̀ lè di búráùn, kó sì lè pẹ́. Nínú ti ẹyin, ibi funfun náà á pọ́n. Nínú ti sípíà, ibi dúdú ló ń yí padà. Bọ́tìnì kan ṣoṣo yẹn ò mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ẹni tó fẹ́ ṣe é dáadáa á kọ́kọ́ wá bébà tí wọ́n fi òwú ṣe, tí kì í dán jù. Lẹ́yìn náà ló kan yíńkì. Èyí tó ń yòrò sómi máa ń tètè ṣá. Èyí tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú máa ń pẹ́ jù ú lọ. Ìṣòro míì ni pé pírńtà máa ń po oríṣiríṣi àwọ̀ pọ̀ kó tó rí àwọ̀ eérú. Tí ẹ bá gbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kúrò lábẹ́ gílóòbù bọ́ síta, àwọ̀ rẹ̀ lè yí padà lójú yín. Jon Cone ní Vermont, ní Amẹ́ríkà, ló ṣe yíńkì tó yọ àwọn àwọ̀ yẹn kúrò, tó wá fi dúdú àti eérú lóríṣiríṣi rọ́pò wọn.

Ọ̀nà kan tún wà tí pírńtà kàn máa ṣe ìdajì iṣẹ́. Ní 1842, John Herschel ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi èròjà irin méjì ṣe fọ́tò aláwọ̀ aró. Kì í ṣe ẹ̀lú o, irin ni. Lónìí, wọ́n á síkáànì fọ́tò, wọ́n á sọ dúdú rẹ̀ di funfun àti funfun rẹ̀ di dúdú, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ sórí ọ̀rá tó mọ́ gaara. Wọ́n á gbé ọ̀rá náà lé bébà tí wọ́n ti fi èròjà náà kùn, tó ti gbẹ, wọ́n á fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó di inú oòrùn. Ibi tí yíńkì bò, oòrùn ò ní dé ibẹ̀. Tí wọ́n bá fi omi ṣàn án, ibẹ̀ á funfun, bí ibi tí ẹ̀kọ bò ṣe máa ń funfun lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ayédèrú kọ́ nìyí, fọ́tò àtijọ́ gangan ni.

Níbi àtúnṣe lewu wà. Nílẹ̀ Yorùbá, nígbà kan, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn ẹbí mìíràn máa ń ní kí fọtogíráfà tẹ àwòrán èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kó lè dúró bí ère ìbejì. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ nípa rẹ̀ ní 1978. Tí ìlà bá wà níbi tí wọ́n ti so àwòrán méjèèjì pọ̀, ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà á rò pé àbùkù ni, á pa á rẹ́. Bẹ́ẹ̀, ìlà yẹn lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń fi hàn pé ọmọ kan ti lọ.

Torí náà, kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n tún ohunkóhun ṣe, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ síkáànì fọ́tò náà bó ṣe wà, kí wọ́n fi pamọ́. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọdún tí wọ́n tẹ tuntun náà sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má sì sọ ògbólógbòó yẹn nù.