Kòkòrò Inú Páálí, Kòkòrò Inú Igbó

Tí igi múlíbẹ́rì bá ti rúwé ní Gúúsù Áfíríkà, páálí bàtà kì í ṣòfò mọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé á lu ihò sí ìdérí rẹ̀, wọ́n á tẹ́ ewé sínú, wọ́n á da kòkòrò ṣẹ́dà lé e. Wọ́n máa ń pín ẹyin rẹ̀ fún ara wọn bí àwa ṣe ń pín irúgbìn ewédú.

Iṣẹ́ náà kò gba agbára, àmójútó ló gbà. Ẹyin ọ̀hún kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Bí ooru bá tó, á pa láàárín bíi ọjọ́ 10 sí 14, ohun tó sì máa jáde dúdú, ó tín-ín-rín bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ewé múlíbẹ́rì lóúnjẹ rẹ̀. Kì í mu omi, inú ewé ló ti ń rí i, síbẹ̀ ewé tí òjò ṣì ń kán lára rẹ̀ lè kó àrùn bá a, ó di dandan kí wọ́n nù ún gbẹ. Tọ̀sán-tòru ló ń jẹun. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló máa ń bọ́ awọ, nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá sì fi máa pé, ìwọ̀n rẹ̀ á ti tó ìlọ́po 10,000 ti ọjọ́ tó pa.

Lẹ́yìn náà, á kọ oúnjẹ. Á gbé orí sókè, á máa jù ú sọ́tùn-ún sósì. Abẹ́ ẹnu rẹ̀ ni omi kan ti ń tú jáde, bó sì ṣe ń fà á ló ń gan di fọ́nrán tó fi ń hun ilé yí ara rẹ̀ ká fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Fọ́nrán kan ṣoṣo ni o, láìjá, ó sì lè gùn tó 900 mítà.

Ibẹ̀ ni ẹni tó ń sìn ín ti máa yàn. Bó bá jẹ́ òwú ló fẹ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ̀dá inú ilé yẹn jáde, torí itọ́ ló máa fi lu ún, fọ́nrán á sì já wẹ́wẹ́. Ooru ni wọ́n fi ń pa á sínú. Bó bá jẹ́ irú-ọmọ ló fẹ́, á ṣa àwọn tó dáa jù sọ́tọ̀, á dúró bí ọ̀sẹ̀ méjì. Àfòpiná funfun ló máa jáde: ó níyẹ̀ẹ́, kò lè fò, ó lẹ́nu, kò lè jẹun. Akọ á máa gbọn ìyẹ́ pàpàpà tọ abo lọ, abo á yé ẹyin bíi 300 sí 500 sórí bébà, ọjọ́ mélòó kan sí i, àwọn méjèèjì á kú. Ẹyin tó bá ní ọmọ nínú á ṣú bí eérú. Ó ti lé ní 5,000 ọdún tí àwọn ará Ṣáínà ti ń sin kòkòrò yìí, ó ti gbàgbé igbó pátápátá.

Tiwa kò gbàgbé. Sányán tí àwọn àgbà ń pè ní bàbá aṣọ, kòkòrò igbó tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anaphe ló ni òwú rẹ̀. Agbo ni wọ́n ń gbé lórí igi bí ìra, irun ara wọn a máa yúnni, wọ́n á sì jọ hun àpò kan tó le bí páálí kí kálukú tó hun ilé tirẹ̀ sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè rí orí fọ́nrán fà níbẹ̀. Ńṣe ni wọ́n máa ń se gbogbo rẹ̀ nínú omi eérú kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè tú, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi ọwọ́ ran án bí ìgbà tí èèyàn ń ran òwú oko. Ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Wọ́n tún ń jẹ kòkòrò náà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń ba fítámì B1 jẹ́, àwọn dókítà sì ti so ó mọ́ àìsàn ìgbà òjò tó ń múni gbọ̀n, tó ń múni rìn tàgétàgé.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ti aṣọ àlàárì. Ṣẹ́dà pupa tí wọ́n fi ń hun ún láyé àtijọ́, ẹ̀yìn ràkúnmí ló gbà la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá, iṣẹ́ kòkòrò ilé sì ni. Kòkòrò páálí ti wà nínú àpótí ìyá àgbà tipẹ́.

Ṣé a lè sin ti sányán náà? Nígbó Kakamega ní Kẹ́ńyà, àwọn onímọ̀ fi àpò àwọ̀n bo ẹ̀ka igi kí ọ̀tá má bàa rí àwọn kòkòrò inú rẹ̀ jẹ. Orí igi ni wọ́n fi wọ́n sí. Wọn ò kó wọn wọlé.