Láti Ṣakabùlà Ìjàyè Dé Ìbọn Tó Mọ Ojú Àmì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìbọn olówó pọ́ọ́kú ṣe di ohun tí ará oko ń gbé kọ́ èjìká ní agbègbè Akínyẹlé, Ìjàyè ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú tí a ń pè ní Ìjàyè Òrílé lónìí, orí ahoro ìlú Ààrẹ Kúrunmí ni wọ́n tún un tẹ̀ dó sí. Ọjọ́ 17 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1862 ni Ìbàdàn wọ ìlú náà, tí wọ́n sì tú u ká. Bí Aláàfin Àtìbà ṣe wàjà ní 1859 tí Kúrunmí kọ̀ láti gba Adélù, ọmọ Àtìbà, ní Aláàfin, tí ogun sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa la mọ ìtàn yẹn. Ti ìbọn tí wọ́n fi ja ogun náà ni a kì í sábà sọ.

Ìbọn kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará òkè nígbà náà. Nígbà ogun Òwu, ní nǹkan bí ogójì ọdún ṣáájú ogun Ìjàyè, Ìjẹ̀bú ló ní ìbọn, nítorí pé wọ́n wà nítòsí etíkun. Àdá ni àwọn Òwu gbójú lé, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìbọn ti fi agbára rẹ̀ hàn, kò sí balógun tó tún fẹ́ lọ sógun láìní in. Èyí tí owó wọn ká ni wọ́n rà: ṣakabùlà gígùn, tí a ń fi òkúta ṣáná sí. Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti ń rọ púpọ̀ nínú wọn, fún títà ní Áfíríkà. Balógun tó ní ẹgbẹ̀rún ọmọ ogun láti dì ní ìhámọ́ra kò lè máa wá ìbọn tó dára jù. Èyí tó kárí ló ń wá.

Àbùkù rẹ̀ ni pé kò mọ ojú àmì. Inú ọ̀pá rẹ̀ dán gbọ̀rọ̀, kò sí ìlà yíyípo tí yóò mú ọta yí bí òkòtó títí yóò fi dé ibi tí a rán an. Irin tí alágbẹ̀dẹ fi òòlù gbá ni wọ́n sábà ń fi ṣe ọta. Méjì kì í bá ara mu. Èyí tó bá kéré ju ọ̀pá lọ á máa gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi jáde, ẹ̀gbẹ́ tó bá sì gbá kẹ́yìn ló ń pinnu ibi tó máa gbà. Ẹ̀rù ọ̀pá tó lè bẹ́ náà wà níbẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ jagunjagun kì í gbé ìdí ìbọn sí èjìká: ìbàdí ni wọ́n ti ń yìn ín, tàbí kí wọ́n na apá kí ó jìnnà sí ojú. Kápútéènì Jones, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó lọ wo ibùdó àwọn Ẹ̀gbá tó wá gbè Ìjàyè ní 1861, kọ ìjábọ̀ nípa wọn. Ẹ̀tù ń tán, ariwo ń dún látàárọ̀ títí di alẹ́, síbẹ̀ òkú kì í pọ̀ tó bí ariwo náà ti tó.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé àwọn baba wa kò mọ ìbọn yìn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọdẹ tó gbé irú ìbọn kan náà wọ igbó Ìjàyè máa ń rápálá sún mọ́ ẹran títí yóò fi dá a lójú pé kò ní tàsé, torí ó mọ ibi tí agbára ìbọn rẹ̀ mọ. Lójú ogun, ọ̀tá kì í dúró kí a rápálá bá a. Ọwọ́ atamátàsé wà; ìbọn tí yóò gbọ́ràn sí ọwọ́ náà lẹ́nu ni kò sí.

Níkẹyìn, ebi ló ṣẹ́gun Ìjàyè. Ìbàdàn, lábẹ́ Balógun Ìbíkúnlé àti Ọ̀tún Ògúnmọ́lá, dí ọ̀nà oúnjẹ láti Òkè Ògùn, ìyàn sì mú débi pé àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi kó àwọn ọmọdé lọ sí Abẹ́òkúta. Kúrunmí ti kú ní 1861, kí ìlú tó fọ́.

Ìbọn tó mọ ojú àmì dé nígbà ogun Kírìjí, tí Ìbàdàn bá Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì jà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Snider ni orúkọ rẹ̀, ibi tó sì ti wá dùn mọ́ mi púpọ̀. Ìbọn tuntun kọ́ ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Enfield rẹpẹtẹ nílẹ̀, tí a ń ki láti ẹnu, tí ọ̀pá rẹ̀ sì ti ní ìlà nínú. Dípò kí wọ́n kó wọn dànù, wọ́n lo ọgbọ́n Jacob Snider, ará Amẹ́ríkà: láti 1866 ni wọ́n ti ń gé ìdí ọ̀pá, tí wọ́n ń fi ìlẹ̀kùn kékeré sí i, kí ọta àti ẹ̀tù tó wà pọ̀ nínú èèpo kan lè gba ibẹ̀ wọlé. Ìbọn àtijọ́ di ìbọn tí a lè yìn ní nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí Martini-Henry gba ipò rẹ̀ láàárín ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní 1871, Snider di ohun tí ọwọ́ ẹlòmíràn lè tó. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó dáwó, wọ́n rà á, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun wọn, àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìbàdàn tó ti fi ṣakabùlà borí Ìjàyè rí i pé ọ̀tá ń pa òun láti ibi tí ọta tirẹ̀ kò lè dé. Òun náà wá tirẹ̀ kiri.

Lónìí, ìbọn tó mọ ojú àmì tún wúlò fún ìdíje. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ fi ìbọn ìléwọ́ díje, ní Ìjàyè tàbí ní Mọ́níyà, òfin ni kó kọ́kọ́ mọ̀. Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti 1959 fi ìbọn ìléwọ́ ẹlẹ́tù sí ìpele àkọ́kọ́ pẹ̀lú bọ́ǹbù, Ààrẹ orílẹ̀-èdè ló sì ni àṣẹ rẹ̀. Ṣakabùlà wà ní ìpele kẹta. Ìbọn afẹ́fẹ́ wà ní ìpele kejì, òun náà sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Inú mi dùn sí ipò tí òfin fi ìbọn afẹ́fẹ́ sí, torí ìbọn ìléwọ́ afẹ́fẹ́ gan-an ni wọ́n ń fi díje ní Òlíḿpíìkì láti 1988: mítà mẹ́wàá, ọta mìlímítà 4.5, ọwọ́ kan ṣoṣo, ojú àmì tó gba máàkì mẹ́wàá kò sì fẹ̀ ju mìlímítà 11.5 lọ.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká ìbọn ìléwọ́ afẹ́fẹ́ olówó ńlá bí Steyr tàbí Morini lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí kò wọ́n, bí ìdí rẹ̀ bá ti bá àtẹ́lẹwọ́ mu, tí ohun tí ìka ń fà kò le jù, tí ohun ìfojúsùn rẹ̀ sì ṣe é tún gbé sí ọ̀tún, òsì, òkè àti ìsàlẹ̀. Igi ìdí ìbọn ni kó kọ́kọ́ tún ṣe, kó bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Kí ó tó náwó lé ohun mìíràn, kí ó gbé ìbọn lé orí ohun tí kò mì, kí ó yin oríṣi ọta mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí páálí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí ihò rẹ̀ bá sún mọ́ra jù ló bá ọ̀pá rẹ̀ mu, òun ni kó máa rà.