Ìránṣẹ́ Méjì Inú Ara: Iṣan-Ìmọ̀lára àti Họ́mọ̀nù

Ìfáàrà

Ẹni tí ó ń gbé ní Ṣómólú tàbí Bàrígà, tí ó sì ti sáré kọjá títì Ìkòròdú ní Onípanu láìgun afárá ẹlẹ́sẹ̀, mọ ohun tí àyà jíjá jẹ́. Bí dáńfó bá yọ sí i lójijì, kí ó tó rò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fò sẹ́yìn. Ọkọ̀ a kọjá, ewu a sì tán. Síbẹ̀, bí ó ti dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì ní àlàáfíà, àyà rẹ̀ a ṣì máa lù kìkìkì, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n, itọ́ a sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tí ó wà nítòsí lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojo ni. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ojo. Ìránṣẹ́ méjì ni ara ń rán nítorí ewu kan ṣoṣo: èkíní yára, kì í sì í pẹ́, èkejì kò yára tó o, ṣùgbọ́n kì í tètè padà sílé.

Ìránṣẹ́ Kìíní

Ohun tí Yorùbá ń pè ní iṣan ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín ni iṣan-ìmọ̀lára, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́ àwọn ẹ̀yà ara yòókù. Èyí tí ó yára jù nínú wọn lè gbé iṣẹ́ rin nǹkan bí 100 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní Ṣómólú, níbi tí ilé ìtẹ̀wé pọ̀ sí, òṣìṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣèèṣì kan irin gbígbóná lára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lẹ ọ̀rá mọ́ ìwé yóò ti fa ọwọ́ yọ kí ó tó mọ̀ pé ó jó òun. Mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ni ó pàṣẹ. Ìròyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ọpọlọ ni.

Ìránṣẹ́ Kejì

Họ́mọ̀nù kì í gba ojú okùn. Ẹṣẹ́, èyíinì ni ẹ̀yà ara tí ń sun ún, a máa tú u sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì gbé e kiri bí akéde tí ń lu agogo yí ìlú ká. Ibi gbogbo ni agogo náà ń dé, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara tí ó ní etí fún un nìkan ní í dáhùn. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1902, William Bayliss àti Ernest Starling gé àwọn iṣan-ìmọ̀lára tí ó so apá kan ìfun ajá mọ́ ara ìyókù, wọ́n sì da omi kíkan sínú ìfun náà. Síbẹ̀, ẹ̀yà ara tí ń sun omi tí ń mú oúnjẹ dà gbọ́ iṣẹ́, ó sì dáhùn. Ẹ̀jẹ̀ ni ó jẹ́ iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1905 ni Starling bẹ̀rẹ̀ sí lo orúkọ náà, họ́mọ̀nù.

Àjọṣe Wọn

Ìránṣẹ́ méjèèjì kò ya ara wọn. Ẹṣẹ́ kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Iṣan-ìmọ̀lára wọ inú ẹṣẹ́ yìí lọ tààrà. Bí ó bá ti kìlọ̀ ewu, ẹṣẹ́ a tú adirẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn a sáré, ẹ̀dọ̀ a tú ṣúgà sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì ya lọ sí ẹran ẹsẹ̀ àti apá. Ní àkókò kan náà, ìsàlẹ̀ ọpọlọ a ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ tí ó so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn náà a fi họ́mọ̀nù tirẹ̀ ránṣẹ́ sí èèpo ẹṣẹ́ orí kíndìnrín, kí ó tú kọ́tísọ́ọ̀lù jáde. Adirẹnalíìnì kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Kọ́tísọ́ọ̀lù ní tirẹ̀ lè gbà tó 20 sí 30 ìṣẹ́jú kí ó tó pọ̀ dé góńgó. Òun kan náà ní í padà sọ fún ọpọlọ pé ó tó.

Àgbálọgbábọ̀

Bí ewu bá wá lẹ́ẹ̀kan tí ó sì lọ, ìgbàlà ni ètò yìí. Ṣùgbọ́n kọ̀ńdọ́kítọ̀ tí ó so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí fèrè ọkọ̀ ń dún mọ́ létí, tí ó sì ń bá èrò jà nítorí ṣéńjì, kò fún akéde láyè láti padà sílé. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè dá kún ohun tí ń fa àìróorunsùn àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Nítorí náà, ìmọ̀ràn àwọn àgbà fún ẹni tí ẹ̀rù bà tàbí tí inú ń bí, pé kí ó jókòó ná, kí ó mu omi, kí ó tó sọ̀rọ̀, bá ìṣe ara mu. Ojú ti rí i pé ọkọ̀ ti kọjá. Ẹ̀jẹ̀ ni kò tíì gbọ́.