Bí Ẹgbẹ̀rún Iṣẹ́ Ọnà Ọmọọba Shyllon Ṣe Di Ti Gbogbo Ènìyàn

Bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni ó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní Lálúpọn, nítòsí ibùdó rélùwéè àtijọ́. Òpó gbígbẹ́ ni ó gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé baba wọn dúró nígbà kan rí. Nígbà tí ẹbí fẹ́ tún ilé náà kọ́, oníṣòwò kan dé, ó fi owó táṣẹ́rẹ́ ra àwọn òpó náà, ó sì kó wọn lọ. Títí di òní ni inú ń bí bàbá, kì í sì í ṣe sí ẹni tí ó rà wọ́n bí kò ṣe sí àwọn tí ó tà wọ́n. Wọ́n wá bi mí bóyá mo ti dé mùsíọ́ọ̀mù Ọmọọba Yẹmisí Shyllon ní ọ̀nà Lẹ́kìí sí Ẹ̀pẹ́, nítorí pé Ìbàdàn ni ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ọmọ Ẹ̀gbá ni Shyllon, ọmọ ilé ọba ni ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra iṣẹ́ ọnà nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kò yẹ kí èyí ya ẹni tí ó mọ ọgbà náà lẹ́nu. Ère Jésù tí ó jíǹde, tí Ben Enwonwu gbẹ́, wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn níbẹ̀. Ní ìgboro, Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní ọdún 1961, tí àwọn ayàwòrán ń pàtẹ iṣẹ́ wọn níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó.

Ohun tí Shyllon kó jọ lé ní 7,000. Ní ọdún 2007 ó dá àjọ kan, OYASAF, sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó yọ 1,000 nínú wọn, ó fi ta Yunifásítì Pan-Atlantic lọ́rẹ, ó sì tún fi owó kún un fún ilé tí wọn yóò kó wọn sí. Oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni wọ́n ṣí ilé náà, mùsíọ́ọ̀mù tí bàbá bi mí nípa rẹ̀. Iṣẹ́ Àìná Ọnàbólú, Enwonwu, Bruce Onobrakpeya àti Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá wà níbẹ̀.

Irú ẹ̀bùn báyìí ti dá ìjà sílẹ̀ lókè òkun rí, ìjà náà sì kan àwa aláwọ̀ dúdú gan-an. Ọmọ alápatà ni Albert Barnes ní Philadelphia. Oògùn tí wọ́n ń kán sí ojú ọmọ tuntun ni ó sọ ọ́ di olówó. Láti ọdún 1912 ni ó ti ń fi owó náà ra àwòrán àwọn ará Faransé tí àwọn ọlọ́lá ìlú rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: 181 láti ọwọ́ Renoir, 69 láti ọwọ́ Cézanne, 59 láti ọwọ́ Matisse. Ó sì ra ère ilẹ̀ Áfíríkà, ó gbé e sí inú ilé kan náà pẹ̀lú wọn. Ní ọdún 1950 ó yí òfin àjọ rẹ̀ padà: Yunifásítì Lincoln, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí Nnamdi Azikiwe àti Kwame Nkrumah ti kàwé, ni yóò máa yan mẹ́rin nínú àwọn alábòójútó márùn-ún.

Kí ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀? Ibi tí àríyànjiyàn wà nìyí. Àwọn kan ní ìbínú ni. Wọ́n ní ó ti bá Yunifásítì Pennsylvania jà, kò sì fẹ́ kí ọwọ́ àwọn ọlọ́lá tí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí ó pàtẹ wọn ní ọdún 1923 tó àwọn àwòrán náà láéláé. Àwọn mìíràn ní ọ̀rẹ́ ni, nítorí pé òun àti Horace Mann Bond, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣe olórí Lincoln, mọwọ́ ara wọn dáadáa. Ti àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mo gbà. Ẹni tí ó ń dá iṣẹ́ dúró lójoojúmọ́ nínú ilé iṣẹ́ oògùn rẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, lè jókòó sọ̀rọ̀ nípa ìwé àti àwòrán, kò nílò ìbínú kí ó tó fọkàn tán wa.

Ọkọ̀ pa Barnes ní ọdún 1951. Ó ti fi òfin lélẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ ṣí àwòrán kan kúrò níbi tí òun gbé e kọ́ sí. Nígbà tí owó àjọ náà gbẹ, ọ̀ràn di ti kóòtù. Ní ọdún 2004 wọ́n sọ alábòójútó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, márùn-ún péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún Lincoln, wọ́n sì kó àwọn àwòrán náà lọ sí àárín ìlú Philadelphia ní ọdún 2012. Ohun tí mo fi yin Shyllon nìyí: ojú ayé rẹ̀ ni ó fi pín in, ó sì fi owó ti ẹ̀bùn náà lẹ́yìn.

Lọ́dọ̀ tiwa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dà àti Ọ̀nà-Àrà, gbọ̀ngàn ìnáwó àti ilé epo ni àwọn ọmọ wa tí ó rí já jẹ ń kọ́. Ilé àtijọ́ ń wó, ilẹ̀kùn gbígbẹ́ ń di igi ìdáná, èyí tí ó sì ṣẹ́ kù ń bá oníṣòwò lọ. Mo bẹ ẹ̀yin olówó ìlú wọ̀nyí, àti ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀: ẹ ya yàrá kan péré sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀, kí ó ní òrùlé tí kò jò àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin ẹbí tí òpó tàbí ère ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ má tà á.