Mínírà Òde Kọ́ Ló Ń Ba Ètò Oúnjẹ Jẹ́

Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó, kò dìgbà tí ènìyàn bá béèrè kí nǹkan dídùn tó dé iwájú rẹ̀. Ẹ jókòó sábẹ́ kánópì lọ́jọ́ Sátidé níbi ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà. Àwọn tó ń pín nǹkan mímu á ti gbé kéréètì dé, wọ́n á ti ṣí mínírà kan, wọ́n á sì ti gbé e ka iwájú yín pẹ̀lú pọ́fùpọ́fù nínú ike, kí ẹ tó lanu sọ pé omi lẹ fẹ́. Ìgò tí wọ́n ti ṣí kò ṣeé dá padà, ọmọ tó gbé e wá sì ti dé tábìlì kẹta. Ẹni tó ń ka kálórì, ìyẹn ẹni tó ń ṣírò agbára tó wà nínú gbogbo ohun tó ń jẹ kí ó má baà sanra jù, yóò mu ún, ọkàn rẹ̀ yóò sì máa dá a lẹ́bi. Lójú tèmi, ìdálẹ́bi yẹn léwu ju mínírà náà lọ. Ohun dídùn kan tí a kò pète kì í ba ètò oúnjẹ jẹ́. Ohun tí a bá ṣe tẹ̀ lé e ló ń bà á jẹ́.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Gíráàmù ṣúgà kan ń fún ara ní kálórì 4, gíráàmù ọ̀rá kan ń fún un ní 9. Iṣẹ́ tí Wilbur Atwater, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún la ti rí àwọn nọ́ńbà yìí. Ìgò mínírà 35cl tí wọn kò dín adùn rẹ̀ kù máa ń ní ṣúgà bíi gíráàmù 37: ṣíbí tíì mẹ́sàn-án, kálórì 150. Bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rá kílò kan tó kún ara, ara gbọ́dọ̀ gba nǹkan bíi kálórì 7,700 ju èyí tó ń lò lọ. Ìgò kan kò ju ìdá kan nínú 50 rẹ̀ lọ, ọ̀rá tó lè dà kò sì ju bíi gíráàmù 20. Ẹni tó bá gun òṣùwọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kejì òde, tó rí i pé òun ti fi kílò kan wúwo sí i, kì í ṣe ọ̀rá ló rí. Omi ló pọ̀ jù níbẹ̀: iyọ̀ inú jọ̀lọ́ọ̀fù ń dá omi dúró, ṣúgà tí ara tọ́jú pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan náà sì ń di omi tó tó ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ mú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Mi ò sọ pé ká máa mu mínírà bí omi. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2015 pé irú ṣúgà báyìí kò gbọdọ̀ tó ìdá 10 nínú 100 agbára tí ènìyàn ń jẹ lóòjọ́. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000, gíráàmù 50 nìyẹn, ìgò kan ṣoṣo sì ti kó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ. Ìjọba àpapọ̀ wa náà fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan nínú Òfin Ìṣúná 2021, ṣùgbọ́n náírà mẹ́ta àbọ̀ lórí ìgò kan kò lè mú kí ẹni tó ń sin ìyá rẹ̀ dín kéréètì kan kù. Mínírà á ṣì máa dé tábìlì.

Ohun tí a ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ló wá kù. Ní 1975, Peter Herman àti Deborah Mack gbé ìwádìí kan jáde lórí rẹ̀. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní wàrà dídùn mu: ife kan fún àwọn kan, ife méjì fún àwọn mìíràn, àwọn kan kò sì mu rárá. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé áísìkiriìmù síwájú gbogbo wọn pé kí wọ́n jẹ ẹ́ tó bó ṣe wù wọ́n. Àwọn tí kì í ṣọ́ oúnjẹ jẹ, bí wọ́n bá ti mu wàrà, áísìkiriìmù díẹ̀ ni wọ́n jẹ. Ti àwọn tó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ yàtọ̀ pátápátá: àwọn tó ti mu wàrà nínú wọn ló jẹ ju àwọn tí kò mu lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Janet Polivy fi hàn pé kì í tilẹ̀ ṣe iye kálórì ló ń fà á. Ẹni tó bá ti gbà pé kálórì ohun tí òun jẹ pọ̀ ló ń jẹ sí i, ì báà jẹ́ òótọ́, ì báà jẹ́ irọ́. Èrò pé ó ti bàjẹ́ tán ló ń ṣiṣẹ́. A sì mọ ohùn rẹ̀ lóde dáadáa: “Ṣebí mo ti mu mínírà, ẹ fi kéèkì yẹn síbí, ẹ tún bu jọ̀lọ́ọ̀fù sí i, ó di Mọ́ńdè kí n tó bẹ̀rẹ̀ padà.” Kálórì 150 lè di 1,500 kí onítọ̀hún tó délé. Oníṣòwò tí ẹgbẹ̀rún náírà kan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà Ìkàrẹ́ kì í torí ẹ̀ da apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó kù nù.

Ẹnìkan lè sọ pé yàrá ìwádìí nìyẹn, kì í ṣe ilé ayé. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ní 2009, Janet Tomiyama àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn tó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ nínú ìgbé ayé wọn gan-an. Ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n bá jẹ sí. Àwọn olùwádìí náà kò rí i pé wọ́n ń jẹ àjẹkì lẹ́yìn tí wọ́n bá rú òfin ara wọn. Lọ́dọ̀ tèmi, ìwádìí yìí ò wó ti àkọ́kọ́ lulẹ̀. Àwọn tí wọ́n wò ń kọ ọ́ sílẹ̀ lemọ́lemọ́ láàárín ọjọ́, ẹni tó bá sì ti kọ “mínírà 1, pọ́fùpọ́fù 2” ti rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe mọ. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, bó ṣe rí. Pọ́fùpọ́fù kò ní nọ́ńbà lára, ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọ kálórì 130 fún ọ̀kan tó wúwo tó gíráàmù 40, ẹ ò jìnnà sí òótọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ oúnjẹ alẹ́ yín. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á ní àwọn ò ní fẹnu kan nǹkan mọ́ títí di ọ̀la, ebi á wá jí wọn lóru, wọ́n á sì dojú kọ búrẹ́dì. Ẹni tó bá fẹ́ san gbèsè náà, iyán alẹ́ wà níbẹ̀. Iṣu sísè gíráàmù 100 ní nǹkan bíi kálórì 116, nítorí náà òkèlè mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a fi sílẹ̀ ti tó owó mínírà. Ṣíbí ìjẹun epo pupa kan tí a dín kúrò nínú ọbẹ̀ náà tó 120. Bí kò bá sì fẹ́ dín nǹkan kan kù lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀sẹ̀ ṣì gùn.

Àtakò tó lágbára jù lójú mi ni pé ìdáríjì báyìí lè di àṣà. Ó lè di àṣà lóòótọ́, bí a bá ń pe ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ní àìròtẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti ra aṣọ ẹbí láti oṣù méjì sẹ́yìn mọ ọjọ́ tí mínírà ń bọ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ, tí òde ń gorí òde láti Ìkàrẹ́ dé Àkùngbá dé Ọ̀kà, ó yẹ kí 150 yẹn ti wà nínú ìṣirò Sátidé kí ilẹ̀ tó mọ́. Àìròtẹ́lẹ̀ gidi ni oyin tí wọ́n fi síni lẹ́nu níbi ìsọmọlórúkọ tí a kàn bá pàdé ní àdúgbò, ìyẹn ò sì ju kálórì 20 lọ. Kò sídìí tí ẹnikẹ́ni ó fi kọ̀ ọ́.

Ti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ yàtọ̀, nítorí mínírà ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè kíákíá, omi ló sì yẹ kó béèrè kí wọ́n tó ṣí ìgò. Ṣùgbọ́n bó bá ti mu ún, ẹni tó ń lo ínsúlínì tàbí oògùn bíi glibenclamide kò gbọdọ̀ fi àìjẹun jẹ ara rẹ̀ níyà, torí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀ jù mọ́ ọn lára lóru. Kó jẹun alẹ́, kó lo oògùn rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún un, kó sì mú ìwé tó ń kọ oúnjẹ sí dání lọ́jọ́ klíníìkì, ì báà jẹ́ ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ìwárò-Ọ̀kà, láìpa mínírà ọjọ́ Sátidé rẹ́.