Èsì Là Ń Kọ, A Kì í Kọ Ipò

Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, ọjọ́ tí ìdíje Premier League ilẹ̀ England parí, Manchester United ti gbá bọ́ọ̀lù tiwọn tán, àmì 89 sì ti wà lọ́wọ́ wọn. Manchester City ṣì wà lórí pápá pẹ̀lú Queens Park Rangers, ọ̀mì 2-2 ni wọ́n ń gbá. Bó bá parí síbẹ̀, àmì 87 ni City ì bá ní, ife ì bá sì jẹ́ ti United. Àsìkò àfikún ni Sergio Agüero gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. City náà bá di alámì 89. Ó wá ku kí wọ́n ka góòlù: City gbá 93 wọlé, wọ́n gbá 29 wọlé wọn, ó ṣẹ́ ku 64. United gbá 89, wọ́n gbá 33 wọlé wọn, ó ṣẹ́ ku 56. Bí City ṣe gba ife nìyẹn.

Lórí ìkànnì tí wọ́n bá ṣe dáadáa, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ gbé orúkọ ẹgbẹ́ kan gorí òmíràn nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yí padà: 2 di 3. Gbogbo ìyókù, látorí àmì títí dórí ipò kìn-ín-ní, òun ló fà á. Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí Premier League ń lò kò ju agbára ẹni tó ń tọ́jú àtẹ ìdíje àdúgbò lọ. Ohun tó nílò ò ju ṣíìtì Excel tàbí Google Sheets kan, ojú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti ìpinnu pé a ò ní fọwọ́ kọ ipò ẹnikẹ́ni.

Ká sọ pé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mẹ́rin ń figagbága n'Ìbàdàn: Mọ́kọ́lá, Béèrè, Òkè-Àdó àti Agodi. Ẹni tó ń ṣe àkọsílẹ̀ yóò ṣí ṣíìtì, yóò fà á sí òpó márùn-ún péré: ọjọ́, onílé, àlejò, góòlù onílé, góòlù àlejò. Ìdíje kan, ìlà kan. Bí Mọ́kọ́lá bá na Béèrè ní 2-1, ìlà kan nìyẹn. Bí Òkè-Àdó àti Agodi bá gbá ọ̀mì 0-0, ìlà kejì nìyẹn. Kò gbọdọ̀ da àpótí méjì pọ̀ mọ́ra wọn kó baà lè dára lójú. Kò sì gbọdọ̀ fi àwọ̀ pupa ṣe àmì pé wọ́n sún ìdíje kan síwájú, torí pé ètò tó ń ka ṣíìtì yìí kì í wo àwọ̀. Bí nǹkan bá ṣe pàtàkì tó láti mọ̀, ó yẹ kó ní òpó tirẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé òpó méjì ni mo fún góòlù. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn kọ 2-1 sínú àpótí kan, wọ́n á tẹ Enter, àpótí náà á sì di ọjọ́ kejì oṣù kìíní tàbí ọjọ́ kìíní oṣù kejì. Excel rò pé ọjọ́ lẹ kọ ni. Irú àṣìṣe yìí ti pọ́n àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lójú débi pé, lọ́dún 2020, ìgbìmọ̀ tó ń sọ èròjà ìbí ènìyàn (gene) lórúkọ yí orúkọ àwọn kan padà: SEPT1 di SEPTIN1, MARCH1 di MARCHF1, kí Excel lè yéé sọ wọ́n di oṣù. Ẹ̀yin ò ní láti yí orúkọ ẹnikẹ́ni padà. Ẹ ṣáà pín góòlù sí òpó méjì.

Ṣíìtì kejì ni ti àwọn ẹgbẹ́, ibẹ̀ sì ni àwa tí à ń kọ Yorùbá ti gbọ́dọ̀ lajú ju ẹlòmíràn lọ. Ẹnì kan á kọ Òkè-Àdó, ẹlòmíràn á kọ Oke Ado, ẹnì kẹta á gbàgbé àmì orí kan. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà á kà á sí, àmì wọn á sì fọ́n ká. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni èyí tí ojú ò lè rí. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú lẹ́tà bí ọ̀ tàbí ẹ́ ju ẹyọ kan lọ: ó lè fi àmì ìsàlẹ̀ ṣáájú ti òkè, ó sì lè so ọ̀kan mọ́ lẹ́tà kó wá fi èkejì lé e. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ, nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo ti jókòó ti ṣíìtì kan fún odindi ìrọ̀lẹ́ rí, tí mò ń wá ìdí tí ẹgbẹ́ kan fi ní ìlà méjì nínú àtẹ pẹ̀lú orúkọ tí mi ò rí ìyàtọ̀ kankan láàrin wọn. Èmi ni mo ti fi fóònù kọ ọ̀kan, tí mo fi kọ̀ǹpútà kọ èkejì.

Oògùn rẹ̀ kò le. Ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kúkúrú tí kò ní àmì lórí: MOK, BRE, OKA, AGD. Orúkọ kúkúrú yìí nìkan ni kẹ́ ẹ máa lò nínú ṣíìtì ìdíje, ẹ sì ṣètò òpó náà kó jẹ́ pé ṣe ni akọ̀wé á yàn án látinú àwọn tó wà nílẹ̀, kò ní lè tẹ ohun mìíràn. Orúkọ gangan, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré sínú ṣíìtì àwọn ẹgbẹ́. Ibẹ̀ ni ojú ìwé yóò ti máa mú un. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn òǹkàwé á rí Yorùbá tó péye, ẹ̀rọ náà ò sì ní ṣìnà.

Ṣíìtì kẹta ni àtẹ fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan kan síbẹ̀. Fọ́múlà ló kún inú rẹ̀. Fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, fọ́múlà á lọ wo ṣíìtì ìdíje, á ka ìgbà tó borí, á fi mẹ́ta sọ ọ́ dọ̀pọ̀, á ro ọ̀mì mọ́ ọn, á ro góòlù tó gbá wọlé, á yọ èyí tí wọ́n gbá wọlé rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà ni á tò wọ́n láti òkè sísàlẹ̀.

Títò yìí gan-an ni ìjà máa ń wà. Ẹ jẹ́ ká parí ìdíje wa. Mọ́kọ́lá na Béèrè 2-1, ó na Agodi 1-0, Òkè-Àdó nà án 1-0. Béèrè na Agodi 3-0, ó sì na Òkè-Àdó 2-0. Òkè-Àdó àti Agodi gbá ọ̀mì 0-0. Àmì mẹ́fà ni Mọ́kọ́lá ní, mẹ́fà ni Béèrè ní, Òkè-Àdó ní mẹ́rin, Agodi ní ẹyọ kan. Ta ló gba ife? Bí a bá wo góòlù, mẹ́rin ló ṣẹ́ ku fún Béèrè, ẹyọ kan fún Mọ́kọ́lá, Béèrè ló nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ẹni tó na ẹnì kejì nígbà tí wọ́n pàdé, Mọ́kọ́lá ni.

Òfin méjèèjì ló wà láyé. Premier League ń wo góòlù ná. La Liga ilẹ̀ Spain ń wo ìgbà tí àwọn méjèèjì pàdé ná, bẹ́ẹ̀ ni Real Madrid ṣe gba ife lọ́dún 2007 pẹ̀lú àmì 76, tí Barcelona náà ní 76, tó sì jẹ́ pé góòlù 45 ló ṣẹ́ ku fún Barcelona, 26 péré fún Madrid. Madrid ti na Barcelona 2-0 nílé, wọ́n sì ti gbá ọ̀mì 3-3 lóde. Èwo lẹ fẹ́ lò? Ohun tó bá wù yín ni, àmọ́ ẹ ti gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú fọ́múlà kí wọ́n tó fọn fèrè ìdíje àkọ́kọ́. Akọ̀wé tó bá dúró dìgbà tí ọ̀rọ̀ dọ́wọ́ kó tó yan òfin ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan, kódà bí kò bá ní in lọ́kàn.

Bí ohun gbogbo bá wá dọ́gba pátá, ẹgbẹ́ méjì jọ wà nípò kìn-ín-ní nìyẹn, ẹni tó tẹ̀ lé wọn á sì wà nípò kẹta, kì í ṣe ìkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe é ní Olympics Tokyo, tí Barshim ọmọ Qatar àti Tamberi ọmọ Italy jọ gba wúrà nínú fífò sókè: wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní fàdákà, idẹ ló tẹ̀ lé e. Fọ́múlà RANK nínú Excel náà ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Bí àtẹ ṣe ń ti inú ṣíìtì dé ojú ìwé kò le tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ṣíìtì lè tú ara rẹ̀ jáde bí ọ̀rọ̀ lásán, ìlà kan fún ẹgbẹ́ kan, tí kọ́mà wà láàrin ohun kan àti èkejì. Fáìlì tí wọ́n ń pè ní CSV nìyẹn. Ẹ rí i pé UTF-8 lẹ fi tọ́jú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ àti ṣ yóò di àmì ìbéèrè. Google Sheets lè gbé e jáde fúnra rẹ̀ ní àdírẹ́sì kan tí kì í yí padà. Lọ́wọ́ kejì ni ojú ìwé òfìfo wà. Ẹ rántí páànù tí àwọn aláàdìrẹ Abẹ́òkúta máa ń gé bátànì sí: ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gé e, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n á fi ẹ̀kọ tẹ bátànì náà sí lára ò lóǹkà. Ojú ìwé òfìfo yìí ni páànù. Wọ́n ti gé àyè sílẹ̀ fún ipò, orúkọ, ìdíje, àmì. Ètò kékeré kan á ka CSV ní ìlà kọ̀ọ̀kan, á fi kún àyè wọ̀nyẹn, á sì gbé e sórí ìkànnì. Páànù kan náà ló ń ṣe ojú ìwé ọdún yìí, ti èṣí, ti ẹgbẹ́ àgbà àti ti ọmọ wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ yí àwọ̀ padà, ibì kan lẹ ti máa yí i.

Kó tó jáde, ẹ ka ìlà. Lọ́dún 2020, ní ilẹ̀ England, èsì àyẹ̀wò Kòrónà 15,841 ló ṣubú lọ́nà, nítorí pé fáìlì Excel àtijọ́ tí wọ́n ń kó èsì gbà kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ, kò sì ké gbàjarè nígbà tó kún. Ìdíje àdúgbò ò lè pọ̀ tó yẹn, àmọ́ àyẹ̀wò tiwa náà wà. Góòlù tí gbogbo ẹgbẹ́ gbá wọlé gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí wọ́n gbá wọlé gbogbo wọn. Nínú àpẹẹrẹ wa, mẹ́wàá ni, mẹ́wàá ni. Bó bá di mẹ́wàá àti mọ́kànlá, ẹ má gbé e jáde. Ìlà kan ti bàjẹ́.

Ọmọdékùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Agodi yóò ṣí ojú ìwé yẹn lórí fóònù bàbá rẹ̀, yóò wá orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, yóò sì fẹ́ mọ ohun tó gbé wọn débẹ̀. Nítorí tirẹ̀, mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tọ́jú irú àtẹ báyìí fún ẹgbẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì: ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òfin tí ẹ fi tò ó, ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ gbé e jáde, àti iye ìdíje tó wà nínú rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọn èsì náà wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fi ìka kà wọ́n.