Ìpàdé Tí Ọmọ Fúnra Rẹ̀ Ti Ń Sọ̀rọ̀: Ọ̀nà Iṣẹ́ fún Ọ̀dọ́ Tó Ní Ìpèníjà Ara

Òfin tí Muhammadu Buhari, Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, buwọ́ lù lóṣù Ṣẹ́rẹ́ 2019 sọ pé nínú 100 òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ó kéré tán kí 5 jẹ́ ẹni tó ní ìpèníjà ara. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, àmọ́ ihò wà nínú rẹ̀: wọ́n ní kó rí bẹ́ẹ̀ bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ẹni tó bá ti sáré tẹ̀lé fáìlì rí ní ọ́fíìsì ìjọba mọ ibi tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ lọ. Iléeṣẹ́ aládàáni ò tilẹ̀ sí nínú ìdá yẹn. Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé òfin sọ iye tí wọ́n máa gbà síṣẹ́, kò sọ ẹni tí yóò jókòó ti ọmọ ọdún 14 tí kò gbọ́ràn, tí yóò bi í pé, "Ìwọ alára, kí lo fẹ́ ṣe?"

Níbòmíràn, ìjókòó yẹn ní àsìkò, ó sì ní òfin. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1975 ló pàṣẹ pé kí olùkọ́ àti òbí máa pàdé lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó ní ìpèníjà, kí wọ́n kọ ètò ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 1990, wọ́n ní ètò náà gbọ́dọ̀ kan ohun tí ọmọ yóò ṣe lẹ́yìn iléèwé. Lábẹ́ àtúnṣe 2004, ọmọ kò gbọ́dọ̀ ju ẹni ọdún 16 lọ kí apá yẹn tó bẹ̀rẹ̀, iléèwé sì gbọ́dọ̀ pe ọmọ náà sí ìpàdé. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2014 tètè bẹ̀rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ọmọ wà ní nǹkan bí ọdún 13 tàbí 14, ètò náà sì lè bá a dé ọdún 25.

Báwo ni irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ṣe ń lọ? Ọ̀nà tó wù mí jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní PATH, tí Jack Pearpoint, Marsha Forest àti John O'Brien gbé kalẹ̀. Wọ́n á lẹ pépà gbàǹgbà mọ́ ògiri. Ẹnì kan á mú bírò aláwọ̀ lọ́wọ́, á máa yàwòrán. Ẹlòmíràn á máa béèrè ọ̀rọ̀. Wọn kì í kọ́kọ́ béèrè ohun tó ṣe ọmọ náà. Wọ́n á ní kó sọ bó ṣe fẹ́ kí ayé òun rí, wọ́n á sì yà á sí ìkángun pépà lọ́wọ́ ọ̀tún. Láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa padà bọ̀: tó bá di ọdún tó ń bọ̀, kí la fẹ́ kó ti ṣẹlẹ̀? Lónìí ńkọ́, ibo la wà? Ta la máa ké sí? Kí la máa ṣe láàárín oṣù mẹ́ta? Kí wọ́n tó dìde, ẹnì kan ti gba iṣẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì ti kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa ṣe é sórí pépà. Ìpàdé tó bá bẹ̀rẹ̀ látorí àìlera ọmọ, orí àìlera náà ló máa ń parí sí.

Ìbàdàn kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Andrew Foster, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tí àìsàn ti di etí rẹ̀ láti ọmọ ọdún 11, dá iléèwé adití sílẹ̀ níbí ní 1960, lẹ́yìn tó ti dá ti Accra sílẹ̀ ní 1957. Òun ló fà á tí èdè ọwọ́ àwọn adití wa fi jọ ti Amẹ́ríkà títí dòní. Ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ olùkọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1977. Yunifásítì Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka tirẹ̀. Methodist Grammar School ní Bódìjà ní ẹ̀ka àwọn adití. Olùkọ́ wà, iléèwé wà.

Ibi tí okùn náà ti ń já ni JSS 3. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń pín ọmọ sí sáyẹ́ǹsì, áàtì tàbí kọmáṣà, máàkì ìdánwò ló sì sábà máa ń pín wọn. Nílé, ìpàdé tiwa ti ń lọ lọ́tọ̀. Bàbá wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá wà níbẹ̀, wọ́n ti pe àǹtí tó wà l'Ékòó sórí fóònù. Ọmọ tí wọ́n ń torí rẹ̀ pàdé wà ní yàrá. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí, àmọ́ orí àwọn ọmọ wọ̀nyí, ẹ̀yìn wọn la ti ń fá a. Iṣẹ́ tí wọ́n máa ń dá lábàá kò sì ju mẹ́ta lọ: kó lọ kọ́ télọ̀, kó lọ ṣe bàtà, kó lọ ṣe irun. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bú wọn. Ìbẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀. Ìyá tó ń bi ara rẹ̀ pé, "Ta ni yóò máa wò ó lọ́jọ́ tí mi ò bá sí mọ́?" kò ráyè ronú nípa ohun tó wu ọmọ.

Síbẹ̀, a ní ohun kan tí àwọn òyìnbó ń wá kiri. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá fẹ́ wọṣẹ́, ọ̀gá á jókòó, òbí á jókòó, onídùúró á wà níbẹ̀, wọ́n á kọ iye ọdún tó máa lò kó tó ṣe fíríìdọ̀mù sínú ìwé. Ẹni tó ni iṣẹ́ wà nínú ìpàdé látìbẹ̀rẹ̀! Ní ọ̀pọ̀ ìlú tó lófin, olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, òbí àti ọmọ ló máa ń jókòó láìsí ọ̀gá níbẹ̀, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀gá lẹ́yìn náà. Ohun tó kù sí tiwa ni ohùn ọmọ, ògbufọ̀ tí yóò gbé ohùn náà jáde, àti àyè láti dán iṣẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ̀wé.

Ẹ wo Agbowó, àdúgbò tó dojú kọ géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti fótókọ́pì kún ibẹ̀. Ọmọbìnrin adití tó fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò lè lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ nígbà ọlidé gígùn. Kò sí ohun tí etí ń wá nídìí bíbá akẹ́kọ̀ọ́ di ìwé ìwádìí rẹ̀ pọ̀; oníbàárà lè kọ ohun tó fẹ́ sórí fóònù. Ti ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ tún yàtọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò lè ṣòro fún un ní Dúgbẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni awakọ̀ Micra tí yóò gbé e láti Ring Road, tí yóò ká kẹ̀kẹ́ náà sínú búùtù, tí yóò wá ní kó san owó èèyàn méjì. Ìṣòro rẹ̀ ni pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi dá gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù. Òfin 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024. Ìpàdé tó bá mọ ohun tó ń ṣe máa ka owó Micra àti pákó gọ́tà mọ́ ètò iṣẹ́.

Wọ́n máa ń fi Yinka Ayefele, olórin tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, ṣàpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè kọrin, ó sì máa ń rẹ ọmọ tí wọ́n bá ń sọ fún un ṣáá. Àmọ́ ẹ tún ìtàn náà wò. Oníṣẹ́ rédíò ni kí ìjàm̀bá ọkọ̀ tó ṣẹlẹ̀ sí i ní 1997. Orin ló gbájú mọ́ lẹ́yìn náà, ìyẹn ni pé ohùn tó ti fi ń jẹun tẹ́lẹ̀ náà ló tún fi bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń hun apẹ̀rẹ̀. Lónìí, iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Challenge, rédíò Fresh FM wà nínú rẹ̀, òun ló sì ń gba èèyàn síṣẹ́.

Olùdámọ̀ràn iléèwé ló yẹ kó pe ìpàdé yìí ní JSS 3, kò sì dìgbà tí òfin tuntun bá dé. Ibi tó máa ń dẹnu kọlẹ̀ ni ìpàdé kejì. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ọmọ bá dé ẹnu iṣẹ́, ọ̀gá ti rí ohun tó ń bí i nínú, ọmọ náà ti rí tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n jókòó. Kí wọ́n dá ọjọ́ ìpàdé kejì kí wọ́n tó dìde ní àkọ́kọ́, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí yóò san owó ògbufọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.